Ta ló ra fọ́ọ̀mù fún un?

ÌBÉÈRÈ: Màmá Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Télọ̀ ni mí, n'Ìbàdàn níbí. Nígbà ìdìbò 2023, ọmọ àdúgbò wa kan jáde dupò aṣòfin ìpínlẹ̀. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́. Àwa télọ̀ mẹ́sàn-án la rán fìlà àti ṣẹ́ẹ̀tì ìpolongo rẹ̀, owó aṣọ nìkan la gbà. Ó wọlé. Láti ìgbà náà, bí mo bá pè é, ọmọ kan ló máa ń gbé fóònù, á ní ọ̀gá wà ní mítìn. Nígbà tí wọ́n fi kún owó ṣọ́ọ̀bù wa, a retí pé yóò bá wa sọ̀rọ̀, kò la ẹnu. Ṣé ipò ló bà á jẹ́ ni, àbí bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí látilẹ̀? Ṣé kò sí òfin tó lè mú un ni? Ó fi ìrẹsì ránṣẹ́ sí mi nígbà Iléyá, mi ò tíì sè é, inú ló ń bí mi.
Télọ̀ tó ń bínú, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Télọ̀, ọmọ mi, o kú iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ọ̀rọ̀ ìwà tí o gbé kalẹ̀ yẹn, jẹ́ ká gbé e tì ná. Ọdún 28 ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka ìṣirò owó. Mo rí olóṣèlú onínúure, mo rí ọ̀dájú, ìwé kan náà ni wọ́n jọ ń fọwọ́ sí. Ohun tí mo fẹ́ kí o wádìí ni ẹni tó ra fọ́ọ̀mù fún tíṣà.

Nínú ẹgbẹ́ APC, mílíọ̀nù 2 náírà ni fọ́ọ̀mù aṣòfin ìpínlẹ̀ fún ìdìbò 2023. Ti aṣojú-ṣòfin l'Ábújá jẹ́ mílíọ̀nù 10, ti gómìnà jẹ́ mílíọ̀nù 50. Fọ́ọ̀mù nìkan nìyẹn o. A ò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ nígbà náà, tí wọ́n máa sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n máa jẹ, tí wọ́n máa mu, tí wọ́n á tún mú nǹkan délé. Òfin ìdìbò 2022 tó wà nígbà náà fúnra rẹ̀ gbà kí ẹni tó ń dupò aṣòfin ìpínlẹ̀ ná tó mílíọ̀nù 30. Níbo ni tíṣà ti fẹ́ rí i? Ẹnì kan ló yọ owó náà sílẹ̀. Tí ẹni yẹn bá pè, kò sí ọmọ kankan tó máa gbé fóònù sọ pé ọ̀gá wà ní mítìn.

Ìwọ tí o jẹ́ ará Ìbàdàn, bóyá o ṣì ń kọ́ṣẹ́ nígbà ìjà Ladọjà àti Adédibú. Èmi dé ilé Alhaji Lamidi Adédibú ní Mọ̀létè lẹ́ẹ̀kan, mo sin àǹtí mi kan tó ń wáṣẹ́ fún ọmọ rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kò tíì lù, àmàlà ti ń ti inú ìkòkò bọ́ sínú abọ́, gbẹ̀gìrì ń tẹ̀lé e. Èèyàn jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí dé ìta: ẹni tó ń wá owó ọsibítù, ẹni tí ọlọ́pàá mú ọmọ rẹ̀, àtàwọn alágbádá tó ń wá tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ láti fi dupò. Gbogbo wa la jọ ń dúró de bàbá kan ṣoṣo. Mi ò ní purọ́ mọ́ olóògbé, ó bọ́ èèyàn.

Òun ni bàbá ìsàlẹ̀ tó wà lẹ́yìn Rashidi Ladọjà tó di gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 2003. Kò pẹ́ tí nǹkan fi dàrú. Adédibú kò sì fi ohun tó ń bí i nínú pamọ́. Ó sọ fáwọn oníròyìn pé mílíọ̀nù 65 ni gómìnà ń gbà lóṣooṣù fún owó ààbò, pé mílíọ̀nù 15 ló yẹ kó máa kan òun níbẹ̀, òun ò sì rí i. Ní gbangba ló ti sọ ọ́, bí ìgbà téèyàn ń sin gbèsè. Owó ààbò yìí, gómìnà kì í ṣírò rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwa akọ̀wé owó, a mọ ibi tí ojú wa kò gbọ́dọ̀ dé.

Hòtẹ́ẹ̀lì làwọn aṣòfin kan ti lọ ṣèpàdé bí wọn yóò ṣe yọ gómìnà. Ní January 12, 2006, àwọn 18 nínú 32 ní àwọn ti yọ ọ́. Ìdá méjì nínú mẹ́ta lòfin béèrè, ìyẹn 22! Ìparí ọdún náà ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ìyọnípò náà kò bófin mu, Ladọjà bá padà sórí àga. (Olúbàdàn ni wọ́n báyìí, kádé pẹ́ lórí.) Àwọn 18 yẹn lọ́mọ nílé, wọ́n ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ ẹni tó lè fún wọn ní tíkẹ́ẹ̀tì padà ní 2007 kò sí lọ́jà yín, Mọ̀létè ló wà.

Òfin tí o béèrè, ó wà. Olóṣèlú gbọ́dọ̀ kéde dúkìá rẹ̀ bó bá wọlé àti bó bá ń lọ. Ìwé òfin 1999 ní aráàlú lè yẹ ìkéde náà wò, lọ́nà tí àwọn aṣòfin àpapọ̀ bá là kalẹ̀. Wọn ò là á kalẹ̀. Òfin náà tún ní òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún kò gbọ́dọ̀ máa darí òwò ara rẹ̀, àfi iṣẹ́ àgbẹ̀. Mo mọ ọ̀gá kan tí kò lè dá ewé ẹ̀gẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ewé iṣu, “àgbẹ̀” ló kọ síbẹ̀.

Ẹ tún lè pe aṣòfin padà sílé, ṣùgbọ́n ó ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lágbègbè rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Wọ́n dán an wò fún Dino Melaye, tó jẹ́ sẹ́nétọ̀ nígbà náà, ní Kogi. Orúkọ tí wọ́n kó lọ lé ní 180,000. Nígbà tí INEC, àjọ elétò ìdìbò, yẹ̀ ẹ́ wò ní 2018, èyí tó fìdí múlẹ̀ kò tó 20,000.

Nítorí náà, má fi àkókò rẹ ṣòfò síbẹ̀. Ìgbà tí ẹ ń rán fìlà, ẹ ti pẹ́ dé. Wọ́n ti yàn án tán. Ẹ lọ gba káàdì ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù yín, ẹ̀yin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, kí ẹ kó àwọn oníbàárà yín dání. Ẹ béèrè ẹni tó ń pinnu orúkọ tó ń jáde nínú ìdìbò abẹ́lé. Ẹ tún kọ ọ̀rọ̀ owó ṣọ́ọ̀bù sínú ìwé, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i, kí ẹ mú un lọ bá tíṣà lójúkojú. Tí ọmọ yẹn bá ní ó wà ní mítìn, ẹ jókòó.

Ìrẹsì yẹn ńkọ́? Láti Iléyá! Yára tú u wò, àfàìmọ̀ kí kòkòrò má ti wọ̀ ọ́.