Bí ẹ ṣe lè wá bàbá àgbà yín nínú ìwé owó-orí ayé òyìnbó

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ẹ fẹ́ rí orúkọ bàbá bàbá yín nínú ìwé owó-orí ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àti pé torí Lọ́ńdọ̀nù lẹ ń gbé, Kew, níbi tí National Archives ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà, lẹ fẹ́ kọ́kọ́ lọ. Ẹ sinmi ná. Lẹ́tà tí gómìnà Nàìjíríà ń kọ sí ìjọba Lọ́ńdọ̀nù ló wà nínú ọ̀wọ́ CO 583 níbẹ̀. Ẹ ó rí àríyànjiyàn lórí iye tí wọ́n fẹ́ gbà, ẹ ò ní rí ẹni tó san án. Ilé, ní Nàìjíríà, ni ìwé tó sún mọ́ agbo ilé wà, ní National Archives inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn.

Kí ẹ tó rán ẹnikẹ́ni lọ, ẹ bi àwọn àgbà ní orúkọ agbo ilé, àdúgbò, àti abúlé oko tí bàbá ń lọ. Orúkọ nìkan ò tó. Òjó àti Àjàyí tó wà nínú ìlú kan ò lóǹkà, akọ̀wé ò sì fi dandan kọ orúkọ bàbá mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ mọ ibi tí ìlú yín wà lábẹ́ òyìnbó, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tòní. Orúkọ ọ̀wọ́ ìwé ní Ìbàdàn ló tẹ̀lé e yìí: Prof ni ìwé ọ́fíìsì Province, Div ni ti Division tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ifẹ̀, Iléṣà, Òṣogbo àti Ògbómọ̀ṣọ́, Oyo Prof ni. Èkìtì, ẹ wo Ondo Prof àti Ekiti Div. Ẹ̀gbá wà ní Abe Prof (Abẹ́òkúta). Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, Ije Prof. Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Àgbádárìgì, Com Col (ìwé Commissioner of the Colony). Ará Ìlọrin àti Ọ̀fà, ẹ má dé Ìbàdàn rárá: lábẹ́ Àríwá ni wọ́n wà, National Archives Kàdúná ni ìwé wọn wà. Èyí ti jẹ owó ọkọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn gbé.

Ẹ kọ orúkọ fún ẹni tí ẹ rán bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nígbà náà: Oshogbo, Ogbomosho, Aiye dípò Ayé, láìsí àmì kankan.

Ohun tó máa ń já èèyàn kulẹ̀ ni pé ìwé tó to orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan, ọ̀dọ̀ akọ̀wé ìlú ló wà, púpọ̀ nínú rẹ̀ ò sì dé Ìbàdàn. Èyí tó dé ni ìròyìn àwọn ajẹ́lẹ̀ (òyìnbó D.O.), irú èyí tí wọ́n kọ láàárín 1930 sí 1939 tó wà ní CSO 26, ọ̀wọ́ ìwé ọ́fíìsì Chief Secretary: ìtàn ìlú, àwọn ìjòyè, àdúgbò, iye ọkùnrin tó ń san owó-orí. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀bẹ̀ ló dùn jù. Ẹni tó ní òun ti darúgbó, tàbí pé òun ti san ní oko tí wọ́n tún ń bi òun nílé, á dárúkọ ara rẹ̀, agbo ilé rẹ̀ àti baálé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè fáìlì ẹ̀bẹ̀ lórí owó-orí ní pàtó.

Bí ẹ bá rí i, ẹ fara balẹ̀ kà á. Agbo ilé inú ìwé owó-orí kì í ṣe ẹbí. Gbogbo ẹni tí baálé gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ni, àlejò pẹ̀lú. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, kí a tó wá sọ pé iye orí lowó ó jẹ́: àwọn èèyàn fi ọmọ pamọ́, wọ́n sì dín ọjọ́ orí kù. Obìnrin kì í sábà sí níbẹ̀, àyàfi Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú. Ní Abẹ́òkúta, níbi tí owó-orí ti bẹ̀rẹ̀ ní 1918, ọmọbìnrin ń san láti ọdún 15, ọkùnrin láti 16. Bí ẹ bá rí 2/6, ṣílè méjì àti kọ́bọ̀ (pẹ́nì) mẹ́fà ni. Kọ́bọ̀ 12 ló wà nínú ṣílè kan.

Kí ẹni tí ẹ rán mú lẹ́tà yín àti káàdì ìdánimọ̀ dání, kó béèrè iye owó àti bóyá wọ́n gba fọ́tò láàyè kó tó yọ fóònù. Kó kọ nọ́ńbà fáìlì àti ojú ìwé sílẹ̀, kó sì ya fọ́tò ẹ̀yìn fáìlì mọ́ ọn bí wọ́n bá gbà á láàyè. Bí wọ́n bá ní àwọn ò rí fáìlì, kó béèrè tinú Div ìlú náà.

Ẹni tó bá torí ẹjọ́ ilẹ̀ wá a, ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ni kí ẹ gbà, fọ́tò ò tó. Ẹ sì rántí pé ibi tí bàbá gbé ni ìwé owó-orí ń fi hàn, kì í fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀.