Bí Ẹni Tí Wọ́n Jà Lólè Bá Ti Foríjì Adigunjalè, Ṣé Ọ̀rọ̀ Tán?

Ìbéèrè: Àlùfáà wa, às-sàlámù àláíkúmù. Ọwọ́ olè ni mo gbọ́ pé ṣẹ̀ríà ní kí wọ́n gé. Adigunjalè ńkọ́? Bó bá dá ohun tó gbà padà, tí olóhun sì foríjì í, ṣé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn?

Ìdáhùn: Wà àláíkúmù sàlámù. Ìgbà tó dá a padà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè: ṣé kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ ni, àbí lẹ́yìn náà? Súúrátùl Máídà nínú Àlùkùránì ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀: áyà (ẹsẹ) 38 ló sọ ti olè, áyà 33 àti 34 ló sọ ti adigunjalè, èyí tí wọ́n ń pè ní hírábà.

Olè a máa yọ́ ṣe é ni. Kí wọ́n tó lè gé ọwọ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ibi tí wọ́n pa dúkìá mọ́ sí ló ti mú un, bíi yàrá tí wọ́n tì, kí iye rẹ̀ sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin dínárì (owó wúrà ayé àtijọ́), ìyẹn wúrà gíráàmù kan àti díẹ̀, lójú ọ̀pọ̀ onímọ̀. Ẹni tó já báàgì gbà tó sì sá lọ kò sí níbẹ̀; hádíìsì (ọ̀rọ̀ Ànábì) ní wọn kì í gé ọwọ́ rẹ̀, adájọ́ ni yóò wo ìjìyà tó tọ́ sí i.

Adigunjalè kì í yọ́. Awakọ̀ kan bá igi gbọọrọ tí wọ́n fi dí ọ̀nà, ó tẹ bíréèkì, kó tó yíjú, ìbọn ti wà létí rẹ̀. Bí wọn ò tilẹ̀ mú nǹkan kan lọ, hírábà ti ṣẹlẹ̀, torí ìfọ̀kànbalẹ̀ gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀nà yẹn ni wọ́n jí. Nínú àwọn onímọ̀ ńlá tí wọ́n ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ wọn nínú òfin ẹ̀sìn, Abú Hánífà ní ẹ̀yìn ìlú nìkan ló ti ń jẹ́ hírábà. Ímáàmù Málíkì àti Ṣáfíì ní ó lè ṣẹlẹ̀ nínú ìlú náà, èyí ló sì tẹ̀wọ̀n jù lójú mi: ẹni tí wọ́n fi ọ̀bẹ sí lọ́rùn nínú ilé ara rẹ̀ lóru, ta ni yóò gbọ́ igbe rẹ̀?

Ìjìyà mẹ́rin ni áyà 33 kà: pípa, kíkàn mọ́ igi, gígé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ní ìdàkejì (ọwọ́ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì), àti lílé kúrò nílùú. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ Ṣáfíì àti ti Hànbálì, bí ọ̀ràn bá ṣe tó ni ìjìyà ṣe máa tó: ẹni tó pààyàn ni wọ́n ń pa, ẹni tó pààyàn tó tún gba dúkìá ni wọ́n ń pa tí wọ́n sì ń kàn mọ́gi, ẹni tó gba dúkìá nìkan ni wọ́n ń gé, ẹni tó kàn dẹ́rù bani ni wọ́n ń lé. Málíkì ní olórí ni yóò yàn, àfi apààyàn, tí pípa rẹ̀ ti di dandan.

Nínú ìpànìyàn lásán, ẹbí òkú lè foríjì. Nínú hírábà, ìforíjì wọn kò gba apààyàn là, torí ẹ̀tọ́ Ọlọ́hun ti wọ̀ ọ́.

Àmọ́ áyà 34 ṣí ilẹ̀kùn kan: ẹni tó bá túúbá kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́, ìjìyà hírábà bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Gbèsè èèyàn kò bọ́ o. Yóò dá dúkìá padà, bó bá sì pààyàn, ẹbí òkú ló kù tó lè ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n gba owó ẹ̀jẹ̀, tàbí kí wọ́n foríjì í. Túúbá tó ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti mú un wà láàárín òun àti Ọlọ́hun. Kò lè dá ìdájọ́ dúró.

Ẹ jọ̀ọ́, ìjọba àti adájọ́ nìkan ló ni ìjìyà wọ̀nyí. Bí adigunjalè bá ń kọlù yín, ẹ lè gba ara yín sílẹ̀. Ànábì sọ pé ẹni tí wọ́n pa níbi tó ti ń gbèjà dúkìá rẹ̀, ṣàhíìdì (ajẹ́rìíkú) ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dè é lókùn, ìjà ti parí. Ẹni tó bá dáná sun ún ti ṣe ohun tí Ànábì kọ̀, nítorí Ọlọ́hun nìkan ló ń fi iná jẹni níyà.