Ọmọ mi ní họ́kì orí yìnyín lòun máa fi jẹun, ṣé ká jẹ́ kó lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Calgary la wà, ó ti tó ọdún mélòó kan tá a ti dé Kánádà. Ọmọkùnrin mi pé ọdún 13, láti kékeré ló ti ń gbá họ́kì orí yìnyín, kóòṣì ẹ̀ sì ń sọ fún wa pé ó mọ̀ ọ́n gbá gan-an. Iléèwé kan tó ń kọ́ wọn ní họ́kì pẹ̀lú ìwé ti ní ká mú un wá ní September, owó ẹ̀ ju 30,000 dọ́là lọ lọ́dún, ọkùnrin kan tó pe ara ẹ̀ ní adviser náà tún ń fi fóònù dà wá láàmú. Bàbá ẹ̀ ní òun ò tíì rí ọmọ Yorùbá tó fi yìnyín jẹun rí, kó lọ jókòó ti ìwé ẹ̀. Ọmọ náà ò sì fẹ́ gbọ́ nǹkan míì. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iṣẹ́ gidi ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ mà. Iṣẹ́ gidi ni o, ṣùgbọ́n owó tí iléèwé yẹn ń bèèrè kọ́ ló máa sọ ọ́ diṣẹ́ fún un, ọmọ ọdún 13 sì ti kéré jù lẹ́ni tí ẹ máa máa náwó lé lórí bí ẹni pé NHL, líìgì họ́kì tó ga jù ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, ti pè é. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi dá lé nìyẹn, ẹ jẹ́ n tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kí ẹ lè mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì ni mo máa ń dúró sí, tíìmù àwọn ọmọ ọdún 16 sí 20 níbí ní Alberta, èmi ni mò ń tọ́jú iṣan tó fà, èjìká tó yẹ̀, orí tó gbá ògiri. Lórí tábìlì mi ni wọ́n ti ń tú ọ̀rọ̀ tí wọn ò lè sọ fún kóòṣì sílẹ̀, mo mọ èyí tí bàbá ẹ̀ ń fòòró, mo mọ èyí tí ò fẹ́ gbá họ́kì mọ́ àmọ́ tí ojú ń tì í torí owó tí wọ́n ti ná.

Ká kọ́kọ́ dá Dádì lóhùn. Calgary tí wọ́n ń gbé yẹn gan-an ni ọmọ Yorùbá ti fi yìnyín jẹun àjẹyó. Jarome Iginla, bàbá ẹ̀ wá láti Nàìjíríà, Adékúnlé wà nínú orúkọ ẹ̀, Edmonton ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1977. Góòlù 525 ló gbá wọlé fún Flames, tíìmù NHL ti Calgary, ó ṣe káputéènì wọn láti 2003 títí wọ́n fi tà á lọ sí Pittsburgh ní 2013, lọ́dún 2007 ó fọwọ́ sí kọ́ńtíráàtì ọdún márùn-ún tó jẹ́ mílíọ̀nù 35 dọ́là. Òun ló gbá góòlù méjì sílé Amẹ́ríkà ní fáínà Òlíńpíìkì 2002 tí Kánádà fi gba àmì ẹ̀yẹ wúrà. Tí Dádì bá wọ Saddledome, ilé tí Flames ti ń gbá họ́kì, kí wọ́n gbójú sókè, nọ́ńbà 12 tí wọ́n gbé kọ́ síbẹ̀ ní 2019, tiẹ̀ ni. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, kò gba Stanley Cup, ife NHL, rí, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ keje nínú fáínà ni Tampa Bay ti gbà á lọ́wọ́ wọn ní 2004.

Àmọ́ ẹ má fi Iginla ṣe òdiwọ̀n fún ọmọ yín jàre. Ẹ wo Akim Aliu náà. Okene ni wọ́n bí i sí, ó dàgbà ní Ukraine kó tó dé Toronto, tíìmù NHL ti Chicago yàn án ní ìpele kejì nígbà tí wọ́n ń yan àwọn ọmọ tuntun lọ́dún 2007, ó mọ họ́kì dájú. Iginla gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 1,554 ní NHL, Aliu gbá 7, Calgary kan náà ló ti gbá gbogbo méjèèje, ó tiẹ̀ gbá góòlù méjì wọlé. Gbogbo ìyókù ọdún tó fi ṣiṣẹ́, líìgì kékeré ló ti ṣe é, láti ìlú dé ìlú, títí dé Yúróòpù. Àwọn méjèèjì ló fi họ́kì jẹun o. Ti Aliu yẹn ló sún mọ́ bó ṣe máa ń rí fún ọ̀pọ̀ àwọn tó bá tiẹ̀ débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó wá kàn. Ní NHL, owó tó kéré jù tí wọ́n lè san fún èèyàn ní sáà 2025-26 jẹ́ 775,000 dọ́là Amẹ́ríkà, 850,000 ni fún sáà tó tẹ̀ lé e. Ó pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n táàsì lè kó tó ìdajì lọ, ejẹ́ǹtì máa yọ tiẹ̀, líìgì náà á tún máa di díẹ̀ mú nínú ẹ̀, torí àdéhùn wọn ni pé àwọn tó ni tíìmù àtàwọn tó ń gbá a máa pín owó tó wọlé sọ́gbọọgba, tí owó ò bá sì wọlé tó bí wọ́n ṣe rò, èyí tí wọ́n dì mú yẹn lè má padà wá. Tíìmù 32 ló wà, tíìmù kan ò lè kọ ju èèyàn 23 lọ sílẹ̀, ẹ ṣírò ẹ̀, àyè 736 ni, gbogbo ọmọ Kánádà, Amẹ́ríkà, Sweden, Finland, Rọ́ṣíà, gbogbo wọn ló ń lé e.

Kọ́ńtíráàtì àkọ́kọ́ ọmọ tí ò tíì pé 22, ọdún mẹ́ta ni, iye owó méjì ló sì sábà máa ń wà nínú ẹ̀, ọ̀kan fún ìgbà tó bá wà ní NHL, èkejì tó kéré sí i gan-an fún ìgbà tí wọ́n bá rán an lọ sí AHL, líìgì tó wà lábẹ́ NHL. Ní Calgary níbí, inú Saddledome kan náà ni Flames àti Wranglers tó jẹ́ tíìmù AHL wọn ti ń gbá, ọmọ lè jí láàárọ̀ kí wọ́n ní kó kó bàtà ẹ̀ kúrò ní yàrá kan bọ́ sí yàrá míì, ilé náà ò yí padà, yìnyín náà ò yí padà, owó ló yí padà. Abẹ́ AHL ni ECHL wà, ibẹ̀ ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń sanwó, wọ́n máa ń fún wọn nílé gbé, tí sáà bá ti parí owó náà dúró nìyẹn. Mo mọ àwọn tó ń kọ́lé, tó ń gé koríko fún èèyàn ní summer kí wọ́n lè padà lọ gbá a ní October, professional sì ni wọ́n ń jẹ́ o.

Ibi tó wá yẹ kí ẹ fojú sí ni ọdún 15 sí 18, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kán àwọn òbí lójú. Lọ́dún tó bá máa pé 15 ni WHL, líìgì àwọn ọmọ ọdún 16 sí 20 ní apá ìwọ̀ oòrùn níbí, máa yan àwọn tí wọ́n bá fẹ́, tí wọ́n bá yàn án ó lè lọ máa gbá fún wọn gan-an lọ́dún tó bá máa pé 16. Ìlú tíìmù ló máa gbé o, Kamloops, Prince Albert, Brandon, ibi tó bá ṣẹlẹ̀ sí, ilé ìdílé kan tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 68, bọ́ọ̀sì ní òru nínú snow, kí ó sì tún ṣe homework. Iginla náà gba ibẹ̀ kọjá, Kamloops ló wà tí wọ́n fi gba Memorial Cup, ife àwọn líìgì ọmọdé yìí ní Kánádà, ní 1994 àti 1995. Nígbà tó bá wá pé 18 ni draft NHL, ibi tí àwọn tíìmù ti ń yan ọmọ tuntun, èèyàn 224 ni wọ́n ń yàn lọ́dún kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní gbá sáà kan tó pé ní NHL.

Tẹ́lẹ̀, ọmọ tó bá lọ WHL ti pàdánù yunifásítì Amẹ́ríkà nìyẹn, NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì níbẹ̀, ò ní gbà á mọ́, torí náà àwọn òbí máa ń bá ara wọn jiyàn pé ìwé ni tàbí họ́kì. Òfin yẹn ti yí padà láti August 2025. Ọmọ lè gbá WHL kó tún lọ gbá fún yunifásítì, Gavin McKenna tó jẹ́ ọmọ tí gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, tíìmù WHL ti Medicine Hat ló ti kúrò lọ sí yunifásítì Penn State. WHL fúnra wọn náà máa ń san owó iléèwé gíga ọdún kan fún sáà kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá gbá fún wọn, àmọ́ ẹ ka ìwé ẹ̀ dáadáa, àwọn nǹkan kan wà tí ọmọ lè ṣe tí ẹ̀tọ́ yẹn á já, kọ́ńtíráàtì NHL wà lára wọn. Tí ẹnikẹ́ni bá wá ń sọ fún yín pé ẹ gbọ́dọ̀ yàn kíákíá, bóyá ìwé tàbí họ́kì, òfin àtijọ́ ló ń sọ tàbí kó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ yín. Inú ilé Iginla náà, Jade ọmọ ẹ̀ obìnrin gba yunifásítì Brown lọ, Tij ọmọ ẹ̀ ọkùnrin gba WHL, tíìmù NHL ti Utah sì yàn án ṣìkẹfà ní 2024.

Àbí oṣù wo ni wọ́n bí ọmọ yín? Kì í ṣe pé mo fẹ́ ṣe horoscope o. January sí December ni wọ́n fi ń pín wọn sí ẹgbẹ́, èyí tí wọ́n bí ní January ga ju ti November lọ dáadáa lọ́mọ ọdún 13, òun náà ni kóòṣì máa ń yàn. Tó bá jẹ́ ìparí ọdún ni wọ́n bí tiyín tó ṣì ń ta wọ́n yọ báyìí, inú mi dùn, tó bá sì jẹ́ January, ẹ ní sùúrù wo bó ṣe máa rí nígbà táwọn yòókù bá ga bá a.

U15 tó wà yìí, ẹgbẹ́ àwọn tí ò tíì pé 15, náà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara gbá ara ní àwọn ìpele tó le. Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ náwó. Bàtà síkéètì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ra èyí tó máa bá a dàgbà. Mo mọ̀ wá, àwa Yorùbá máa ń ra bàtà kí ẹsẹ̀ lè rí ibi dàgbà sí, ṣùgbọ́n síkéètì máa ń fi bíi sáìsì kan tàbí kan àtààbọ̀ kéré sí bàtà lásán. Tó bá dúró, ọmọ ìka ẹ̀ á kàn rọra kan iwájú, tó bá tẹ orúnkún, gìgísẹ̀ á wọlé dáadáa síbi ẹ̀yìn. Àwọn tí bàtà wọn fẹ̀ máa ń wá bá mi pẹ̀lú kókósẹ̀ tó ń ro wọ́n, wọ́n á di okùn mọ́ra títí ẹ̀jẹ̀ ò fi ní kọjá, wọn ò sì ní mọ bí wọ́n ṣe ń yí sí apá òsì. Tokunbọ̀ tó bá a mu sàn ju tuntun tó fẹ̀ lọ. Ti ọrùn náà, ẹ má gbà kó bọ́ ohun tí wọ́n ń dè mọ́ ọrùn yẹn torí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín: irin abẹ́ síkéètì ló gé Adam Johnson lọ́rùn ní Sheffield ní October 2023, ó sì kú. Tí orí ẹ̀ bá gbá nǹkan tó ní ojú ń ṣú òun tàbí ó ń bì, kò padà sórí yìnyín lọ́jọ́ yẹn, kóòṣì ì báà bínú.

Wọ́n lè bú u nítorí àwọ̀ ẹ̀. Aliu sọ ọ́ síta ní 2019 pé kóòṣì òun kan pe òun lórúkọ burúkú nígbà tí òun wà ní líìgì kékeré, ọkùnrin náà ti di kóòṣì Flames nígbà yẹn, ó fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí tiyín, ẹ kọ ọjọ́, ibi, àti ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Hockey Canada, àjọ tó ń darí họ́kì ní Kánádà, ní ọ́fíìsì tó dá dúró tó ń gba ẹ̀sùn.

Ti adviser yẹn, ẹ bi í bóyá NHLPA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá họ́kì ní NHL, fún un ní ìwé àṣẹ, orúkọ àwọn tí wọ́n fún wà níta fún ẹni tó bá fẹ́ wò. Ejẹ́ǹtì gidi inú kọ́ńtíráàtì ló ti ń jẹun, tó bá ń bèèrè owó lọ́wọ́ yín nísinsìnyí tí ọmọ ò tíì pawó, ẹ pa fóònù.

Tí mo bá jẹ́ yín, mo máa fi í sílẹ̀ ní tíìmù àdúgbò fún ọdún kan sí i, kó máa gbá bọ́ọ̀lù tàbí basketball ní summer, kí ara ẹ̀ lè kọ́ nǹkan míì. Tí owó bá há, Jumpstart àti KidSport máa ń ran àwọn ìdílé lọ́wọ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá pinnu pé iléèwé yẹn náà ni, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ ní kí wọ́n kọ èyí sórí ìwé fún yín: tó bá ṣèṣe ní November tí ò lè gbá a mọ́ títí ọdún fi parí, èló ni wọ́n máa dá padà.