Ṣé dandan ni kí nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ l'Óṣogbo tún kẹ́kọ̀ọ́ kó tó sọ láísẹ́ǹsì rẹ̀ dọ̀tun, ṣé ẹ̀kọ́ nípa oògùn sì ṣe pàtàkì?

Bẹ́ẹ̀ ni, dandan ni. Ọdún 3 ni láísẹ́ǹsì ń lò, Nursing and Midwifery Council of Nigeria sì ń béèrè ẹ̀rí MCPDP, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún tó jẹ́ dandan fún nọ́ọ̀sì, kó tó sọ ọ́ dọ̀tun. Ẹ̀kọ́ náà kọjá oògùn nìkan, àmọ́ nídìí oògùn ni àṣìṣe kékeré ti ń pààyàn. Bí wọ́n bá kọ “10U” ínsúlíìnì sínú fáìlì, ẹni tó ń kánjú lè rí U bí òdo, kó kà á sí 100. Ó yẹ kí wọ́n kọ “units” ní kíkún. A kì í gún potassium chloride, oògùn oníyọ̀ kan, tààrà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ rárá. Inú omi díríìpù ni a ń pò ó mọ́, kó máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ inú wọ́ọ̀dù kì í rọ́pò MCPDP, àyàfi tí Council bá fọwọ́ sí i.