Ìbéèrè Yín: Bó Ṣe Tutù Tó Yẹn, Kí Ló Tún Ń Jò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Fìríìjì ni mò ń tún ṣe ní Ìkòròdú. Mo gbọ́ pé inú òtútù tó ju ti òfuurufú lọ ni wọ́n ń gbé kọ̀ǹpútà quantum sí, síbẹ̀ qubit inú rẹ̀, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó ń gbé ìsọfúnni, kì í pẹ́ tú. Ṣé òtútù ọ̀hún ni kò tó?

Ìdáhùn: Ọ̀gá mi, òtútù tó. Aluminium tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ qubit, bó bá ti tutù kọjá 1.2 kelvin (òdo kelvin ni òpin òtútù) ni iná ti ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdènà. Wọ́n tún ń fà á wálẹ̀ dé nǹkan bíi 0.02 kelvin, torí agbára qubit kéré: ooru 0.24 kelvin péré á ti máa tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ara qubit gan-an ni agbára ti ń jò. Nílé ẹ̀kọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì ní Ẹ̀pẹ́, ríìmù ọkọ̀ akẹ́rù tí a so mọ́ igi máńgòrò ni agogo wa. Bí a bá lù ú, á máa hó lọ títí. Lọ́dún kan, àwọn bíríkìlà ta sìmẹ́ǹtì sí i lára, ó gbẹ mọ́ ọn. Àfi "kọ̀"! Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ń lù ú kò yí padà. Ìgbà tí mo fi òòlù gbọ̀n ọ́n kúrò ni ohùn rẹ̀ padà.

Sìmẹ́ǹtì ti qubit ni èépá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí afẹ́fẹ́ máa ń mú jáde lára irin, bí ìpẹtà. Òun ló ń fa agbára mu. Ní Japan lọ́dún 1999, qubit irú èyí àkọ́kọ́ kò lò ju nǹkan bíi 2 nanosecond lọ. Nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, bílíọ̀nù kan nanosecond ló wà. Lọ́dún 2021, àwọn ará Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà fi irin tantalum, tí èépá tirẹ̀ sàn, rọ́pò irin niobium tí àwọn kan ń lò, ó sì lé ní 300,000 nanosecond.

Ariwo, ìyẹn ìdàrúdàpọ̀ láti àyíká, tún yàtọ̀ sí jíjò. Agbára lè wà níbẹ̀ o, kí ìlù dàrú: omele ṣì ń dún kíkankíkan, àmọ́ kò bá ìyáàlù rìn mọ́. Ohun tí kò tó nǹkan ló ń fà á, bíi agbára òòfà tó mì díẹ̀ nítòsí. Ìtànṣán láti òfuurufú náà wà, tó ń da ọ̀pọ̀ qubit rú lẹ́ẹ̀kan náà. Fìríìjì wo ló fẹ́ dá ìyẹn dúró?

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá gba Ẹ̀pẹ́ kọjá, fìrísà mi kò mú yìnyín láti ìjẹta. Tèmi ò lọ́jú pọ̀, gáàsì ni.