Ìbéèrè yín lórí kámẹ́rà: Lẹ́ńsì àgbà tó ń ríran nínú òkùnkùn, àbí tuntun tó fúyẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo wà, ẹyẹ ni mo máa ń yà, ọ̀pọ̀ Sátidé lẹ máa bá mi nínú igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ yẹn, láti bí aago mẹ́fà àárọ̀. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti bá mi ra Canon R7 ránṣẹ́, ó wá ku lẹ́ńsì. Ẹnìkan lọ́hùn-ún fẹ́ ta Canon EF 500mm f/4L IS fún un, èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe, tòkunbọ̀ ni o, ó ti pẹ́ gan-an, àmọ́ owó tó ń bèèrè ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti RF 200-800mm tuntun inú páálí. Àbúrò mi ní kí n gba tuntun kọ́kàn òun lè balẹ̀, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń lọ sígbó ní tí mo bá gbà á màá kábàámọ̀. Ẹyẹ inú igbó ni mo fẹ́ràn jù, àtíòro, àlùkò, àti malimbe Ìbàdàn tí mi ò tíì rí yà dáadáa rí. Ọmọ ọdún 47 ni mí, ẹ̀yìn sì máa ń dùn mí díẹ̀díẹ̀. Èwo ni kí n gbà? (Ẹlẹ́yẹ, Mọ́níyà)

ÌDÁHÙN: Ẹlẹ́yẹ wa, ẹ kú ìnáwó o, torí èyí tó wù kẹ́ ẹ mú nínú méjèèjì, owó á ṣáà kúrò lápò. Màá sọ tèmi lẹ́ẹ̀kan náà kẹ́ ẹ má bàa máa wá a kiri: àgbà ni kẹ́ ẹ gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní iye yẹn, kì í sì í ṣe láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Ọdún 1999 ni lẹ́ńsì yẹn jáde, èyí tó rọ́pò ẹ̀ dé ọjà ní 2012, a jẹ́ pé èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú wọn náà ti lé lọ́dún mẹ́wàá dáadáa. Ìyẹn ò ní kó má ya fótò tó dáa. Gíláàsì kì í gbó bí èèyàn, tí ò bá ti họ, tí nǹkan ò hù sínú ẹ̀, bó ṣe ríran nígbà tó jáde náà ló ṣì ń ríran. Ohun tó ń gbó ni injin kékeré tó ń yí fókọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ IS tí kì í jẹ́ kí àwòrán gbọ̀n, àti wáyà pẹlẹbẹ tó so gbogbo wọn pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń sanwó lẹ́ńsì àgbà, gíláàsì tó máa bá yín kalẹ́ lẹ̀ ń rà, pẹ̀lú injin tó lè kú lọ́la. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí wọ́n bá ń dárúkọ owó.

Kí ló wá dé tí mo ní àgbà? Igbó yẹn ló fà á. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń ṣú lábẹ́ àwọn igi ńláńlá IITA, aago méje ti lù, oòrùn ti yọ lójú títì, inú igbó ṣì dà bí yàrá tí wọn ò tíì ṣí fèrèsé ẹ̀. Bí nọ́ńbà f bá ṣe ń kéré sí i ni ojú lẹ́ńsì ṣe ń là sí i. Nọ́ńbà mílímítà, bíi 500 tàbí 800, ló ń sọ bí lẹ́ńsì ṣe ń fa ẹyẹ sún mọ́ yín tó. 500 yẹn, f/4 ni, ṣùgbọ́n 200-800, f/6.3 ló ti ń bẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi máa fà á dé 800 ó ti di f/9, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ f/4 sì tó ìlọ́po márùn-ún èyí tó ń wọ f/9. Ká ní àlùkò kan bà sórí ẹ̀ka, ẹ fẹ́ fi 1/1000, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, yà á kí ìyẹ́ ẹ̀ má bàa dàrú, tí 500 bá gbà á ní ISO 3200 (ISO ni bí kámẹ́rà ṣe ń fipá mú fótò mọ́lẹ̀ tó, bó bá ṣe ń ga sí i ni hóró-hóró ṣe ń pọ̀ sí i), tuntun yẹn ní 800 á ní àfi 16000. Sẹ́ńsọ̀ R7, ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, ò tóbi, mẹ́gápíksẹ́lì 32.5 ni wọ́n sì há sínú ẹ̀, ní 16000 ẹ máa rò pé ẹnìkan da gàrí sórí ẹyẹ ni.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi IS tàn yín níbí o. Lóòótọ́ ti àgbà ò ju bíi stọ́ọ̀pù méjì lọ, ti tuntun lé ní márùn-ún (stọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ kẹ́ ẹ lè fi ìlọ́po méjì àkókò yà á kí ọwọ́ yín má bàa ba fótò jẹ́), àmọ́ ọwọ́ yín ni IS ń bá wí, kò lè bá ẹyẹ wí.

Wọ́n tún lè ní kọ̀ǹpútà á bá yín fọ fótò náà mọ́. Òótọ́ ni, láti 2023 tí Denoise, ohun tó ń fọ hóró-hóró kúrò, ti wọ inú Lightroom, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fótò ṣe, fótò ISO gíga ti ń mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èmi náà ń lò ó, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó lágbára ló fẹ́, tí iná ò bá sì sí, jẹnẹrétọ̀ lẹ máa fi fọ ẹyẹ, ẹ wá ṣírò owó bẹntiróòlù mọ́ ọn. Ohun tí kọ̀ǹpútà ò tiẹ̀ lè bá yín ṣe dáadáa ni ẹ̀yìn ẹyẹ. Ojú 500 f/4 fẹ̀ tó mílímítà 125, ti 800 ní f/9 ò tó 90, fífẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí ewé àti ìtàkùn ẹ̀yìn ẹyẹ yọ́ pọ̀ di àwọ̀ kan ṣoṣo. Nínú igbó tó dí bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀ka ń gba orí ẹ̀ka kọjá, ìyẹn ló máa jẹ́ kí malimbe, ẹyẹ dúdú olórí pupa tí kò sí níbòmíì láyé àfi ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà wa níbí, dá yàtọ̀ kó má di ọ̀kan lára ewé.

Ó wá ku ẹ̀yìn tó ń dùn yín, ibẹ̀ ló ti le. Lẹ́ńsì àgbà yẹn nìkan jẹ́ kílò 3.87, tẹ́ ẹ bá fi R7 àti adáptà, òrùka tó ń so lẹ́ńsì EF àtijọ́ mọ́ R7, kún un, bíi kílò 4.6 ni, kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 5 tó kún dẹ́nu gan-an nìyẹn. 200-800 jẹ́ 2.05 péré. Mo rántí àárọ̀ kan tí mo gbé irú ẹ̀ wọgbó, mo ti fi kọ́ èjìká láti géètì, okùn ti wọ̀ mí lára, bí mo ṣe gbé e lé orúnkún kí n nu òógùn báyìí ni àtíòro kan bà sórí igi òkè orí mi gan-an, mo gbọ́ ìyẹ́ ẹ̀, wúù, wúù, mo gbé lẹ́ńsì sókè, ọwọ́ ń gbọ̀n, ẹnu lẹ́ńsì ń yí kiri ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìgbà tí mo fi máa rí i, ìrù ló kù. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá gbà á, ẹ ra mónópọ́ọ̀dù, igi ẹlẹ́sẹ̀ kan yẹn, kẹ́ ẹ wá ibì kan jókòó sí kí ẹyẹ wá bá yín. Ẹ má jókòó sún mọ́ ibi tí wọ́n ń bà sí jù o, ohun tí kò bá tó mítà 4.5 sí yín, kò lè mú un. Tó bá jẹ́ ẹni tí kì í lè jókòó lẹ jẹ́, tó jẹ́ rírìn lẹ máa ń rìn fún wákàtí mẹ́ta, ẹ gbàgbé gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀, ẹ gba tuntun.

Ní ti yíyẹ̀wò, kí àbúrò yín yá kámẹ́rà Canon kan dání lọ. Kó tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ńsì láti ẹ̀yìn, kó máa wò ó láti iwájú. Eruku díẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Tó bá rí okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ya ẹ̀ka bí òwú aláǹtakùn, nǹkan ti hù níbẹ̀ bí ìgbà tí búrẹ́dì bá bu, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn kó máa lọ sílé, torí tí irú ẹ̀ bá dé inú ọ̀rinrin ilẹ̀ wa níbí, ńṣe lá máa gbilẹ̀. Kó mú fókọ́ọ̀sì láti ìtòsí lọ sí òkèèrè, kó tún dá a padà, bí ìgbà ogún, kó dẹtí sí i. Kó tẹ bọ́tìnnì dé àbọ̀ kó rí i bóyá àwòrán á rọra dúró jẹ́ẹ́. Kó wo ẹ̀yìn lẹ́ńsì, ibi irin tó ń wọ kámẹ́rà, lẹ́tà méjì máa ń wà níbẹ̀, U ni ilé iṣẹ́ tó wà ní Utsunomiya, lẹ́tà kejì ni ọdún, N ni 1999, T ni 2005, Z ni 2011, èyí tó bá sún mọ́ Z jù ni kẹ́ ẹ fẹ́. Kó sì rí i dájú pé f/4 ni wọ́n kọ sí i, kì í ṣe f/4.5. F/4.5 yẹn, ti ọdún 1992 ni, kílò mẹ́ta ni, owó ẹ̀ máa ń fani mọ́ra, ṣùgbọ́n kódà tẹ́ ẹ bá ń fọwọ́ yí fókọ́ọ̀sì ẹ̀, injin ló ń bá yín yí i, ọjọ́ tí injin bá kú, ọwọ́ ò yí i mọ́, lẹ́ńsì ti di ọmọ odó nìyẹn.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí èmi náà ti jẹ nínú ìyà ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan ta lẹ́ńsì àgbà fún mi, ó ní ẹ̀gbọ́n, kò ní wàhálà kankan, mo dán an wò níbẹ̀, ó yà. Ọ̀sẹ̀ kejì, IS bẹ̀rẹ̀ sí í ké kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀ bí adìẹ tó fẹ́ yé, àwòrán ń fò. Ẹni tó ń tún un ṣe ní iṣẹ́ ẹ̀ ò le, páàtì ẹ̀ ni wọn ò ṣe mọ́. Títí dòní, mo ti pa IS yẹn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń lò ó.

Ó ku owó. 200-800 jáde ní 2023 ní dọ́là 1,899. Lẹ́ńsì tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, tí kò ní gáráńtì, kò yẹ kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí àbúrò yín yọ owó injin tó lè kú kúrò nínú ẹ̀, kó ná an bí ẹni ná ata ní Bódìjà. Tí onítọ̀hún bá yarí, ẹ gba tuntun, kẹ́ ẹ máa lo àárọ̀ yín létí adágún IITA níbi tí ojú ọ̀run ti là, kẹ́ ẹ fi inú igbó sílẹ̀ dìgbà tí oòrùn bá ga.

ÌBÉÈRÈ: Àgbọ̀nrín Richmond Park ni mo máa ń yà lẹ́yìn ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Nikon D90 mi kú, àwọn ọmọ ra Z5 fún mi pẹ̀lú adáptà FTZ, ṣùgbọ́n lẹ́ńsì mi àtijọ́, AF 80-400mm D, ò mú fókọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀ mọ́, àwọn àgbọ̀nrín náà sì dà bíi pé wọ́n ti sá jìnnà. Ṣé lẹ́ńsì ló bàjẹ́ ni? (Ìyá Táyé, Lọ́ńdọ̀nù)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú òtútù o, Ìyá Táyé. Nǹkan kan ò ṣe lẹ́ńsì yín. Kò ní injin nínú tẹ́lẹ̀ ni, irin kékeré kan tó ń yọ orí jáde lẹ́nu D90 bí ahọ́n ló ń bá a yí i, FTZ ò sì ní irin yẹn. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ yí i, á ṣì ya àgbọ̀nrín tó bá ń jẹko, tí wọ́n bá ń kan ara wọn níwo nígbà gígùn wọn, ọwọ́ ò ní yá tó. Ti pé wọ́n sá jìnnà, sẹ́ńsọ̀ D90 kéré, ó ń jẹ́ kí 400 dà bíi 600, lórí Z5, 400 ni 400.

Tí owó bá ń fún yín, ẹ wá AF-S 200-500mm f/5.6 tòkunbọ̀, ti 2015, AF-S ní injin tirẹ̀ nínú, FTZ tẹ́ ẹ ní á sì gbé e. Z 180-600 ti 2023 fúyẹ́ díẹ̀ sí i, kì í gùn síta tẹ́ ẹ bá ń fà á, kò sì nílò adáptà, àmọ́ èmi ò rí i pé ìyàtọ̀ yẹn tó kẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ jẹ gbèsè. Èyí tẹ́ ẹ bá rà nínú méjèèjì, mítà 50 táwọn tó ń bójú tó pákì náà ní kí èèyàn fi jìnnà sí àwọn àgbọ̀nrín, ẹ má fi ṣeré.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, kọ́pà ni mí ní Bauchi. Mo yá Sony 200-600 ọ̀rẹ́ mi, a lọ sí Yankari, mo ya erin lọ́sàn-án gangan láti inú mọ́tò, gbogbo ẹ̀ ló rí wúrúwúrú bí ohun tó wà nínú omi. Àṣé tuntun náà ń bàjẹ́? (Kọ́pà)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, má tíì dá lẹ́ńsì ọlọ́jà lẹ́bi. Ooru ilẹ̀ ni. Bó o ṣe máa ń rí i tí títì ń jó lọ́ọ̀ọ́kán lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ìwọ àti erin ń jó, lẹ́ńsì gígùn sì ń sọ ijó yẹn di ńlá, kò sí owó tó o máa san tí lẹ́ńsì ò fi ní rí i. Kọ́kọ́ ya kàlẹ́ńdà ara ògiri nínú ilé láàárọ̀ láti mítà bíi mẹ́fà, tí lẹ́tà ẹ̀ bá mú, lẹ́ńsì ò jẹ̀bi. Tẹ́ ẹ bá tún lọ, ẹ tètè jáde kí ilẹ̀ tó gbóná, kẹ́ ẹ bẹ dẹrẹ́bà kó sún mọ́ etí odò Gaji pẹ̀lú ẹni tó ń mú yín kiri, kí erin wà nítòsí dípò kó o máa fà á láti òkèèrè, má sọ̀kalẹ̀ o. Sọ gíláàsì fèrèsé kalẹ̀, má ya fótò gba orí bọ́nẹ́ẹ̀tì kọjá torí òun náà gbóná, kí dẹrẹ́bà sì pa injin kó o tó tẹ bọ́tìnnì.