Ọ̀nà àbọ̀ ni kó o kọ́kọ́ wọ̀n

Àbúrò, o ní ọ̀gá yín dá yín dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí tó ń jó, pé ìta ni kẹ́ ẹ ti máa da omi, inú sì ń bí ẹ torí pé ẹ̀ ń wọ ilé gbígbé lójoojúmọ́. Jọ̀ọ́, má bínú sí i.

Ọdún 19 ni mo fi ṣe panápaná l'Ékòó. Nínú ilé gbígbé, bí èéfín bá bò ẹ́ lójú, na ọwọ́, wàá kan ògiri. Tẹ̀ lé ògiri, wàá kan fèrèsé. Nínú pílásà tàbí ilé ìkẹ́rùsí, o lè rá títí kó jẹ́ ẹrù nìkan lọwọ́ rẹ ń bà. Sílíńdà afẹ́fẹ́ tá à ń mí, tí wọ́n ń pè ní ti 30 ìṣẹ́jú, kì í tó bẹ́ẹ̀ rárá bó o bá ń fa họ́ọ̀sì nínú ooru, inú rẹ̀ náà lo sì ti máa yọ ti àbọ̀.

Àjà kejì pílásà àwọn aláṣọ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló kọ́ mi. Mo gbọ́ ohun tó jọ ìkọ́. Mo fi họ́ọ̀sì tó yẹ kí n tẹ̀ lé jáde sílẹ̀, ìgbésẹ̀ mẹ́rin péré. Nígbà tí mo yí padà, mo fọwọ́ wá ilẹ̀ títí, n ò rí họ́ọ̀sì mọ́. Ìdì aṣọ, ìdì aṣọ, gíláàsì fífọ́. Mo kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn: bọ́gílárì ni, wọ́n ti ti àgádágodo mọ́ ọn láti ìta. Fèrè sílíńdà mi, tó máa ń kìlọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti fẹ́ tán, bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọ̀rẹ́ mi tí kò kúrò nídìí họ́ọ̀sì ló ń fi sípánà lu irin ẹnu họ́ọ̀sì náà, kò, kò, kò. Ìró yẹn ni mo rá tẹ̀ lé dé ẹnu àtẹ̀gùn. Kò sẹ́ni tó ń wúkọ́. Ike tó ń jó ló ń dún bẹ́ẹ̀.

Ní Worcester, l'Amẹ́ríkà, ní 1999, panápaná méjì wọ ilé ìkẹ́rùsí láti wá àwọn tí wọ́n rò pé ó wà níbẹ̀. Wọ́n ṣìnà, afẹ́fẹ́ wọn tán. Mẹ́rin mìíràn tún kú níbi tí wọ́n ti ń wá wọn. Ní Charleston, ní 2007, panápaná mẹ́sàn-án ló kú nínú ṣọ́ọ̀bù àga. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí.

Nítorí náà, yí ilé náà ká ná. Bi ọlọ́dẹ léèrè bóyá èèyàn wà nínú, àti ilẹ̀kùn tó wà ní títì. Gé bọ́gílárì ẹ̀yìn kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Ní ẹnu ọ̀nà, fi irin ya sílíǹgì díẹ̀ kó o wo òkè, torí ìsàlẹ̀ lè tutù nígbà tí iná ti gba gbogbo òkè orí rẹ. Irin òrùlé tó bá sì gbóná tó nǹkan bíi 600 digiri, agbára rẹ̀ ti dín tó ìdajì. Bó bá jẹ́ ẹrù nìkan ló kù nínú, ìta ni kó o dúró.

Lọ́jọ́ tíṣẹ́ bá dákẹ́, gbé sílíńdà rẹ kọ́rùn ní téṣàn, fi aṣọ dúdú bo ojú máàsìkì, máa fa họ́ọ̀sì tó kún fómi títí fèrè yóò fi dún. Kí ẹnì kan bá ẹ ka aago. Ìṣẹ́jú 13 ni tèmi.